Bí A Ṣe Ń Mú Kí Ọ̀dà Sán Lára Ohun Ọ̀ṣọ́ Ilé Kí Ó Lè Rí Bí Ohun Àtijọ́

Ohun ọ̀ṣọ́ tó bá ti pẹ́ nílé máa ń ní ojú kan tí ohun tuntun kì í ní. Ọ̀dà ara rẹ̀ á ti sán wẹ́wẹ́, àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún á máa yọjú láàárín àwọn ìlà tó sán, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ á sì ti wọnú àwọn ìlà náà débi pé a ó máa rí wọn lókèèrè. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ fún férémù àwòrán, àpótí ohun ẹ̀ṣọ́, ọ̀pá àbẹ́là, ìkòkò òdòdó àti ẹsẹ̀ àtùpà, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti dúró de ogójì ọdún kí ó tó rí i. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń mú ọ̀dà sán, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ìgbà tó yẹ kí ó gbé e sílẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbà yìí nítorí pé àṣìmọ̀ ìgbà ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ. Ohun èlò rẹ̀ kò ṣòro rí rárá.

Ohun tó ń mú ọ̀dà sán

Bí omi inú ọ̀dà bá ti ń gbẹ lọ, ọ̀dà náà a máa súnkì. Bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá le, tí ó sì dì í mú dáadáa, kò ní ráyè sún síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò sì gbẹ síbẹ̀ láìya. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì rọ̀, ọ̀dà òkè yóò máa fa ara rẹ̀ jọ, abẹ́ kò sì ní lè dá a dúró, títí tí yóò fi ya sí wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ etí odò ṣe ń sán nígbà tí oòrùn bá ti mú ojú rẹ̀ gbẹ tí inú rẹ̀ sì tutù. Orí ohun kan yìí ni gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé dúró lé: kí òkè tètè gbẹ, kí ó sì le, nígbà tí abẹ́ ṣì rọ̀. Ohun tí àwọn tó ń fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán ń sá fún gan-an nìyí. Òfin wọn láti ìgbà pípẹ́ ni pé ọ̀dà tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ó wà lókè, èyí tí òróró rẹ̀ kéré ni kí ó wà nísàlẹ̀, nítorí pé èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ máa ń pẹ́ gbẹ, bó bá sì wà nísàlẹ̀, èyí tó wà lórí rẹ̀ yóò sán. Àwa mọ̀ọ́mọ̀ ń rú òfin náà ni.

Kì í ṣe ayé òde òní ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ojú tó sán. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, láyé ìjọba Song tó wà láti ọdún 960 sí ọdún 1279, àwọn amọ̀kòkò tó ń ṣe ìkòkò Guan fún ààfin ọba máa ń jẹ́ kí gíléèsì, ìyẹn ohun tó ń dán bíi díígí tí wọ́n fi ń bo ara ìkòkò wọn, sán, wọ́n sì ka àwọn ìlà náà sí ẹwà. Iná ló ń bá wọn ṣe tiwọn: bí ìkòkò bá ti ń tutù lẹ́yìn sísun, gíléèsì ara rẹ̀ a súnkì ju amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ya. Lára ohun onígi tó ti pẹ́ ẹ̀wẹ̀, igi a máa wú nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì tún súnkì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ọ̀dà tó ti gbó tí kò lè nà mọ́ kò sì ní lè bá a lọ bá a bọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀dà ara pákó àtijọ́ fi sábà máa ń sán tẹ̀lé ìlà ara igi, a ó sì lo ìmọ̀ yìí nígbà tí a bá dé orí bí a ṣe ń fa búrọ́ọ̀ṣì.

Yíyan ohun tí a ó kùn, àti mímúra rẹ̀ sílẹ̀

Igi ló gbọ́ràn jù lọ, amọ̀ tí wọ́n ti sun ló tẹ̀lé e. Irin àti ike náà ṣeé kùn, bí a bá ti ha ojú wọn tí a sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó bá wọn mu kùn wọ́n. Mo gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó mú ohun tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, irú bíi férémù fífẹ̀ tàbí ìdérí àpótí, nítorí pé orí ohun tó bá tẹ́jú ni gọ́ọ̀mù tí a ó fi sábẹ́ ọ̀dà òkè ti máa ń dúró síbi tí a bá fi í sí. Ohun tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára púpọ̀ máa ń gba gọ́ọ̀mù sínú kòtò ọnà náà, ibẹ̀ ni yóò ti pọ́njọ, ọ̀dà tó bá sì bọ́ sórí rẹ̀ yóò kàn máa wọ́ kiri ni.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kí a dán an wò lára wọn. Àkọ́kọ́ ni ojú abọ́ àti ife tí a fi ń jẹ tí a fi ń mu, nítorí pé oúnjẹ àti ìdọ̀tí yóò wọnú ìlà, ọ̀dà náà yóò sì máa ṣí bọ́. Èkejì ni ohun ìṣeré tí ọmọdé lè kì bọ ẹnu. Ẹ̀kẹta ni ohun tó jẹ́ àtijọ́ ní tòótọ́. Ẹni tó bá ní àpótí tó ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, tí ọ̀dà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá kun ọ̀dà àtijọ́ tó jẹ́ ayédèrú lé èyí tó jẹ́ ojúlówó, a ti bà á jẹ́ nìyẹn, iye rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ti kùn látọjọ́ pípẹ́: òjé lè wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni ìjọba tó fòfin de ọ̀dà olójé fún lílò nínú ilé. Bí ohun kan bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì mọ irú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, nítorí pé eruku òjé máa ń ṣe ọpọlọ ní jàǹbá, pàápàá ọpọlọ àwọn ọmọdé.

Ní ti ohun tí kò léwu, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha á, kí ẹ sì fi nọ́ńbà 220 kádìí rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń dán tẹ́lẹ̀, ẹ ha á títí dídán náà yóò fi kúrò, nítorí pé bí ọ̀dà àkọ́kọ́ kò bá di ohun náà mú, gbogbo iṣẹ́ yín ni yóò bó lọ́jọ́ kan. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ kun ọ̀dà abẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kun èkejì, kí ẹ sì fi ohun náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà abẹ́ tó bá ń dán díẹ̀ dára ju èyí tí kò dán rárá lọ, nítorí pé kò ní mu gọ́ọ̀mù tí a fẹ́ fi lé e.

Àwọ̀ abẹ́ yìí ni yóò máa yọjú nínú àwọn ìlà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ yàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi dúdú sábẹ́ funfun, ó sì máa ń gba ojú jù. Ẹni tó bá wo férémù bẹ́ẹ̀ kò ní rí àwòrán inú rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, pupa tó ṣókùnkùn bí àwọ̀ bíríkì lábẹ́ funfun tó pọ́n díẹ̀ dára jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ àwọ̀ ewé tó ti ṣá, tàbí àwọ̀ wúrà lábẹ́ búlúù tó jinlẹ̀, bí ohun náà bá jẹ́ kékeré. Ohun àtijọ́ kì í sábà ní àwọ̀ tó mọ́ kedere, ẹ lè kán àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀dà òkè kí títàn rẹ̀ lè dínkù.

Ọ̀nà gọ́ọ̀mù

Ohun tí a nílò ni gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ igi, ọ̀dà olómi tí kò dán, búrọ́ọ̀ṣì méjì tí irun wọn rọ̀, àti pátákó kékeré kan tí a ó fi dánra wò. Àwọn kan máa ń ra èyí tí wọ́n ti ṣe sínú ìgò tí wọ́n kọ crackle medium (ohun tó ń mú ọ̀dà sán) sí lára. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó wà lára ìgò náà kí ẹ tó lò ó, nítorí pé àwọn kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí a tó kun ọ̀dà òkè, omi inú ọ̀dà náà ni yóò sì tún jí wọn padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń lò kí gọ́ọ̀mù funfun tó dé. Gọ́ọ̀mù funfun kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbẹ tán, ó ti parí, ìlà rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó ìdánrawò. Ẹ fi ọ̀dà abẹ́ kun òun náà, kí ẹ wá pín in sí mẹ́ta: ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí apá kan, èyí tó nípọn díẹ̀ sí apá kejì, kí ẹ sì fi èyí tó nípọn gan-an sí ẹ̀kẹta. Gọ́ọ̀mù tó fẹ́lẹ́ máa ń mú ìlà wẹ́wẹ́ wá, èyí tó bá nípọn a sì mú ìlà ńláńlá wá. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi dúró sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tàbí tí ó gbóná, gọ́ọ̀mù lè ti tó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá; bí ọ̀rinrin bá pọ̀, ó lè gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ iye náà fún yín láti ọ̀nà jíjìn, pátákó yín nìkan ló lè sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ padà sí orí ohun ọ̀ṣọ́ náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ gọ́ọ̀mù sí i lára dọ́gbadọ́gba, ẹ má ṣe fi ibì kankan sílẹ̀ àfi ibi tí ẹ kò bá fẹ́ kí ó sán. Bí gọ́ọ̀mù bá ki jù, ẹ lè fi omi díẹ̀ là á. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń yí padà: yóò kọ́kọ́ funfun bíi wàrà, etí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara bíi díígí, mímọ́ náà yóò sì máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ti mọ́ ṣùgbọ́n tí àárín ṣì ní funfun díẹ̀díẹ̀, ẹ fi orí ìka kàn án ní kọ̀rọ̀ kan. Bó bá tẹ̀ lé ìka yín, ó ṣì tutù jù. Bí ìka bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti gbẹ jù. Bó bá fa ìka díẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, tí ojú ìka hàn lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò bá ìka lọ, àkókò ti tó, ẹ má ṣe dúró mọ́.

Ọ̀dà òkè ti gbọ́dọ̀ wà nítòsí ní pípò kí àkókò yìí tó dé. Kí ó ki tó ọ̀rá wàrà. Bó bá ṣàn jù, yóò tu gọ́ọ̀mù, bó bá sì dì jù, búrọ́ọ̀ṣì kò ní lè gbé e lọ. Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sí i kí ó kún dáadáa, ẹ gbé e lé eteetí ohun náà, kí ẹ sì fà á dé òpin kejì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láìdánudúró. Ẹ tún rẹ ẹ́, ẹ fa ìlà kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ kí etí wọn kàn kan ara wọn. Ẹ má ṣe padà sórí ibi tí ẹ ti kùn, ì báà jẹ́ pé ẹ rí ibi tí ọ̀dà kò dé. Èyí le fún ẹni tó ti mọ ọ̀dà kíkùn tẹ́lẹ̀ ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé ọwọ́ akunlé ti mọ́ ọn lára láti máa lọ, láti máa bọ̀. Lórí gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ, àbọ̀ búrọ́ọ̀ṣì yóò ká ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù papọ̀, ibẹ̀ yóò di kókó, kò sì ní sán.

Ọ̀dà náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lójú yín kí ẹ tó kun dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìlà tín-ín-rín bí irun yóò kọ́kọ́ yọ, yóò lanu, òmíràn yóò yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì so kọ́ra wọn. Apá ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá kọjú sí ni ọ̀pọ̀ ìlà náà yóò máa gbà. Lára ohun onígi, ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé ìlà ara igi, kí ó lè rí bí ìgbà tí igi fúnra rẹ̀ ló fà á ya. Lára amọ̀, ẹ lo fóòmù dípò búrọ́ọ̀ṣì: ẹ máa fi í tẹ ọ̀dà mọ́ ọn, ẹ má fi í wọ́ ọ, ìlà rẹ̀ yóò sì rí bíi ti ìkòkò olójú sísán, láìní ibi kan pàtó tó kọjú sí. Ẹ wá fi ohun náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun lè mú kí ìlà pọ̀ sí i bí ẹ bá fi atẹ́gùn gbígbóná díẹ̀ fẹ́ ẹ láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà yóò ru bíi ìléróró. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ohun tó bá ní ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ kò gùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́ ẹ kí ó kọjú sókè, nítorí pé ọ̀dà tó wà lórí gọ́ọ̀mù yóò yọ̀ wálẹ̀ bí ohun náà bá dúró lóòró. Ìkòkò àti ọ̀pá àbẹ́là ni kí ẹ fi kọ́ orí igi, kí ẹ lè máa yí i bí ẹ ṣe ń kùn ún.

Ọ̀nà fáníìṣì méjì

Ọ̀nà kejì kò mú àwọ̀ abẹ́ jáde. Ìlà tó ń mú wá wẹ́ bí okùn aláǹtakùn, ó sì bá ohun tí àwòrán wà lára rẹ̀ mu, irú bí àpótí tí wọ́n lẹ àwòrán òdòdó mọ́. Fáníìṣì méjì ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ fún un. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ olóròóró tó ń pẹ́ gbẹ, ti èkejì jẹ́ olómi, oje igi acacia ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ kun ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dúró títí yóò fi jọ pé ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn ìka yóò ṣì lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, kí ẹ wá kun èkejì kí ó bo gbogbo rẹ̀. Òkè yóò yára gbẹ, yóò sì le, nígbà tí abẹ́ ṣì ń rìn. Bí ẹ bá tètè kun èkejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì tutù díẹ̀, ìlà ńláńlá ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá pẹ́, wẹ́wẹ́ ni.

Ìyàtọ̀ pàtàkì tó wà níbẹ̀ ni pé ìlà wọ̀nyí kò ní hàn. Ẹ lè rò pé iṣẹ́ kò jẹ́, títí ẹ ó fi gbé ohun náà sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ wò ó. Ohun tó ń mú wọn hàn ni ọ̀dà olóròóró tó wà nínú túùbù, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ dúdú, èyí tí wọ́n kọ burnt umber sí lára. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ kó ìwọ̀nba rẹ̀, kí ẹ máa fi rá a lára ní yíyípo kí ó lè wọnú gbogbo ìlà, kí ẹ wá fi aṣọ mìíràn tó mọ́ nu ojú rẹ̀. Bí aṣọ náà bá ṣe ń kó ọ̀dà kúrò lójú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nínú ìlà yóò máa ṣẹ́ kù, tí àwọ̀n tín-ín-rín kan yóò sì yọ lára ohun tó jọ pé kò ní nǹkan kan lára tẹ́lẹ̀. Ibi yìí ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe kánjú ṣe é. Bí ìlà kò bá wù yín kí ẹ tó fi ọ̀dà rá a, omi lè fọ fáníìṣì kejì kúrò, kí ẹ sì tún un ṣe. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi ọ̀dà olómi rá a.

Ẹ kíyè sí àwọn àkísà tí ẹ bá lò. Àkísà tó gba ọ̀dà olóròóró lè gbóná fúnra rẹ̀ kí ó sì gbiná bí a bá ká a jọ sínú pálí tàbí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ẹ tẹ́ ẹ síta títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí. Ẹ ṣí fèrèsé pẹ̀lú, nítorí òórùn fáníìṣì.

Jíjẹ́ kí ó gbó níbi tó yẹ kí ó gbó

Ohun tí ọ̀dà rẹ̀ sán láti òkè dé ilẹ̀ bákan náà kì í jọ ohun àtijọ́, ohun tí wọ́n rà lọ́jà lánàá ló máa ń jọ. Níbi tí oòrùn ti ń pa ohun kan ni ọ̀dà ti ń sán jù, níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án ni ọ̀dà ti ń parẹ́, nínú kòtò àti kọ̀rọ̀ ni ìdọ̀tí sì ti ń jókòó. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí ohun kankan, ẹ mú un lọ́wọ́ kí ẹ bi ara yín léèrè bí wọ́n ṣe máa ń gbé e, bí wọ́n ṣe máa ń ṣí i, apá tó máa ń kọjú sí ògiri. Orí ìdérí àpótí lè sán púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó sán díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ kí ó má sán rárá. Àwọn ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ti pa á, ẹ fi àbẹ́là ra á kí ẹ tó kun ọ̀dà òkè. Ọ̀dà kò ní lè di ìda mú, bí ọ̀dà náà bá sì ti gbẹ, sáńpépà díẹ̀ yóò ká a kúrò, àwọ̀ abẹ́ yóò sì hàn. Etí, igun àti àyíká ibi ìdìmú ló yẹ fún èyí, kì í ṣe àárín pẹpẹ.

Fún ìdọ̀tí, ẹ lè po àwọ̀ ilẹ̀ dúdú mọ́ ìda tí a fi ń dán àga, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tì í bọ kọ̀rọ̀ ọnà, kí ẹ sì nu ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fáníìṣì bo iṣẹ́ náà, tí ó sì ti gbẹ, ni kí ẹ ṣe èyí, nítorí pé fáníìṣì kò ní dì mọ́ ìda. Kí ó kéré. Ìdọ̀tí tí ẹni tó ń wò ó bá ti mọ̀ pé wọ́n fi síbẹ̀ ni, ó ti pọ̀ jù.

Dídáàbò bò ó, àti bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Ọ̀dà tó sán rọrùn fún ọ̀rinrin láti wọ abẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń fi fáníìṣì bò ó. Fáníìṣì olóròóró ni mo fara mọ́ fún ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé omi tó wà nínú fáníìṣì olómi lè tún gọ́ọ̀mù mú rọ̀, ó sì lè tu oje igi tó wà lókè nínú ọ̀nà kejì. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá fi ọ̀dà olóròóró rá a, kí ẹ tó fi fáníìṣì bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tí kò dán ni kí ẹ yàn. Fáníìṣì tó ń dán yinrin lórí ọ̀dà tó sán máa ń tú àṣírí iṣẹ́ náà.

Bí ọ̀dà bá kọ̀ tí kò sán, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: kí gọ́ọ̀mù ti gbẹ jù kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì padà sórí rẹ̀, tàbí kí ọ̀dà òkè jẹ́ irú èyí tó máa ń nà. Àwọn ọ̀dà kan wà tí wọ́n ṣe fún ara ilé níta, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí wọ́n máa nà kí wọ́n má bàa sán. Irú wọn kò dára fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù dára tó. Bí ìlà bá fẹ̀ jù tí ọ̀dà sì ń wọ́ bí awọ tó bó, gọ́ọ̀mù ṣì tutù jù ni. Bí ọ̀dà bá ń ṣí kúrò pátápátá tí ó ń mú ọ̀dà abẹ́ lọ, a kò ha ojú ohun náà tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gọ́ọ̀mù kò bá tíì gbẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn yóò kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà abẹ́. Bó bá ti gbẹ, sáńpépà ni yóò ṣe é, kò sì ní gba ọ̀pọ̀ àkókò. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ibì kan kékeré nìkan ni kò sán, mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n fi í sílẹ̀: kò sí ohun àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ sán dọ́gba.

Nínú ilé, ẹ má ṣe gbé ohun tí ẹ ṣe síbi tí omi ti ń ta sí i, bí ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọwọ́ tàbí ilé ìwẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò òdòdó, òdòdó gbígbẹ ni kí ẹ fi sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ike kékeré sínú rẹ̀ láti gba omi. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ máa fi gbá eruku rẹ̀, nítorí pé aṣọ lè fi òwú kọ́ etí ìlà kí ó sì fa ọ̀dà ya.